Ọsán Já, Ọrun Dọ̀pá: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Pààrọ̀ Ọrun ní Abidjan

Àwọn baba wa máa ń wí pé, "Ọsán já, ọrun dọ̀pá." Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Igi ọrun lè dára, kí ó sì lágbára. Bí okùn tí a fi dè é bá já, igi lásán ni ó kù lọ́wọ́ ọdẹ, kò sì wúlò ju ọ̀pá tí arúgbó fi ń tilẹ̀ lọ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí, nítorí pé ọ̀ràn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta ọfà ní Abidjan, àwọn olùkọ́ wọn àti àwọn òbí tí ń sanwó fún wọn, ní láti rò dáadáa kí owó tó jáde lápò. Ọ̀ràn náà nìyí: ẹni tí ó ní ọrun oníkẹ̀kẹ́ ti àtijọ́ lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti ìgbàlódé? Bí ó bá sì yẹ, kí ni ó ní láti mọ̀ kí ó tó ṣe é?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré àjèjì ni a ń sọ. Ìlú Ọ̀fà ń bẹ tí orúkọ rẹ̀ ti ara ọfà wá. Ìtàn ìlú náà sọ pé ọmọ ọba kan láti Ọ̀yọ́, Ọlálọmí Ọlọ́fàgangan, tí ó jẹ́ ọdẹ àti atamátàsé, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀; ní ilẹ̀ Brasil, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé e dé, ọfà náà ni wọ́n ṣì ń pe àmì yìí títí di òní. Ní Côte d'Ivoire níbí pẹ̀lú, àwọn Lobi tí ń gbé ní agbègbè Bouna, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, jẹ́ tafàtafà tí òkìkí wọn kàn nítorí oró tí ń bẹ lẹ́nu ọfà wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Ẹ̀jìgbò tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Treichville tàbí Adjamé bá di ọrun mú, ohun tí ó dì mú kì í ṣe ohun tí ó yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ogún baba rẹ̀ ni, ogún àwọn ará ilẹ̀ tí ó gbà á lálejò sì ni pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ọrun tí a ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn baba ńlá wa lò. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní compound bow. Àwọn elédè Faransé tí a ń bá gbé ní Abidjan ń pè é ní arc à poulies, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọrun oníkẹ̀kẹ́, orúkọ yìí ni àwa náà yóò sì máa lò, nítorí pé ó fi ohun náà hàn bí ó ti rí. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1966 ni ó kọ̀wé béèrè fún àṣẹ ìjọba lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ náà sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1969. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ṣóńṣó apá ọrun méjèèjì, kò sì fi ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ ń yí lé lórí sí àárín gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó fi í sí. Nínú ẹ̀gbẹ́ kan yìí ni gbogbo àṣírí náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Ọrun onígi ti àtijọ́, bí a bá ti ń fà á sí i ni ó ń le sí i. Ibi tí ó ti le jù lọ ni ìgbà tí ọwọ́ bá dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgbà náà gan-an ni ojú gbọ́dọ̀ dúró lórí àmì, tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Ti ọrun oníkẹ̀kẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní àárín. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá yí dé ibì kan, ìwúwo náà yóò dínkù lójijì, ará yóò sì tu tafàtafà. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní ìtura. Ọrun tí agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 60, bí ìtura rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọrun oníkẹ̀kẹ́ àtijọ́, pọ́ùn 30 ni ẹni tí ó fà á yóò máa gbé dúró. Bí ìtura náà bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100, bí ó ti wọ́pọ̀ nínú àwọn ti òde òní, pọ́ùn 12 péré ni yóò máa gbé dúró. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ kan gbé garawa omi dúró gan-an fún ìṣẹ́jú kan mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́.

Yàtọ̀ sí ìtura, kí ni ó tún yí padà láàárín ọrun àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí? Ohun mẹ́rin ni a lè tọ́ka sí. Èkíní, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rí róbótó. Ti òní rí wọ́gọwọ̀gọ, a sì gbẹ́ ẹ lọ́nà tí ó fi ń kó agbára púpọ̀ jọ kí ó tó tú u sílẹ̀. Èkejì, okùn wáyà onírin ni a fi ń so kẹ̀kẹ́ kan mọ́ èkejì nínú àwọn ti àtijọ́. Lónìí, okùn àtọwọ́dá tí ó fúyẹ́ tí ó sì le ju irin lọ ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta, apá ọrun àtijọ́ gùn, ó sì nà jáde. Ti òde òní kúrú, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ọ̀nà méjì tí kò pàdé ara wọn, èyí tí ó mú kí ìgbọ̀nrìrì apá kan pa ti èkejì, tí ọrun kì í fi í fò lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún àwọn olùkọ́, ni pé gígùn ìfà ọrun àtijọ́ kì í sábà ṣeé yí padà ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọrun òde òní ni a lè sún gígùn ìfà rẹ̀ síwájú sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ínṣì.

Ìdí tí a fi pe ẹ̀kẹrin yìí ní pàtàkì ni pé ọrun oníkẹ̀kẹ́ dà bí bàtà. Ẹni tí kò bá wọ bàtà ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tiro. Ibi tí kẹ̀kẹ́ dúró sí ni ìfà parí sí. Bí ó bá gùn jù, apá yóò nà kọjá ààlà, ọsán yóò sì máa gbá a. Bí ó bá kúrú jù, èjìká yóò ká kò. Ọ̀nà kan tí ó rọrùn ni àwọn tafàtafà fi ń wá ìwọ̀n yìí. Kí ọmọ na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí a wọn ọ́n láti ṣóńṣó ìka kan dé ṣóńṣó ìka kejì, kí a sì fi 2.5 pín in. Ọmọ tí ìnà ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 175, ìfà sẹ̀ǹtímítà 70 ni yóò bá a mu. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀. Matt Stutzman, ará Amẹ́ríkà tí a bí láìní apá, ẹsẹ̀ ni ó fi ń fa ọrun oníkẹ̀kẹ́. Òun ni ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní eré àwọn aláàbọ̀ ara tí a ṣe ní Paris ní ọdún 2024. Ọrun ni a mú bá ara rẹ̀ mu. A kò ní kí ara rẹ̀ bá ọrun mu.

Nítorí náà, bí a bá bi wá pé ta ni ó yẹ kí ó pààrọ̀ ọrun rẹ̀, a óò dáhùn pé: ẹni tí ọrun àtijọ́ kò bá ara rẹ̀ mu, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ọrun rẹ̀ bá a mu, tí ó sì yè kooro, tí ó kàn fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó rí tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó dúró díẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà tafàtafà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọfà tí ó ti ta kọjá. Kò sí ọjà tí a ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣọ́ra fún àwọn oníṣòwò. Wọn yóò kọ ọ́ sára páálí pé ọfà ọrun yìí ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti àtijọ́ ń sáré ní nǹkan bí 200. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n odindi òtítọ́ kọ́. Ọrun pọ́ùn 70, ìfà ínṣì 30 àti ọfà tí ó fúyẹ́ gidigidi ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà. Nínú eré ìdíje àgbáyé, òfin kò gba ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí agbára rẹ̀ bá kọjá pọ́ùn 60. Bí ìfà bá sì dín ní ínṣì kan, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ni yóò dín nínú eré ọfà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfà rẹ̀ kò ju ínṣì 27 lọ, tí ó sì ń lo pọ́ùn 50, kò níí rí 340 yìí sójú láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni kí a rántí pé a ti ti ìlẹ̀kùn ìṣọdẹ ní Côte d'Ivoire láti ọdún 1974. Kí wá ni ẹni tí ń gbé Abidjan fẹ́ fi ọrun kúkúrú tí a ṣe fún ìṣọdẹ nínú igbó Amẹ́ríkà ṣe? Ọrun tí ó gùn díẹ̀, tí kì í mì, tí a ṣe fún títa ọfà sí àmì, ni ó tọ́ sí i.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo jù. Ọrun ìgbàlódé dára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún un ṣe? Nínú ọ̀pọ̀ ọrun oníkẹ̀kẹ́ àtijọ́, ìkọ́ irin kékeré kan wà lẹ́nu wáyà tí a ń fi ọsán kọ́, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe sì lè pààrọ̀ ọsán náà fúnra rẹ̀. Nínú ti òde òní, a ní láti gbé ọrun sínú ẹ̀rọ kan tí ń tẹ apá méjèèjì pọ̀ kí ọsán tó lè dẹ̀. Láìsí ẹ̀rọ náà, ẹni tí ó bá fọwọ́ tú u fi ojú àti ìka rẹ̀ wewu. Bẹ́ẹ̀ ni ọsán náà kì í pẹ́ títí: lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta lílò, pípààrọ̀ ni ó yẹ. Ẹni tí ó ra ọrun tuntun, tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, tí kò mọ ẹni tí ń hun ọsán, ó ti ra ọ̀pá olówó iyebíye ní ọjọ́ iwájú.

Ìtàn ilẹ̀ wa ti fi irú ewu yìí hàn wá rí. Ní ìgbà ogun Kírìjì, èyí tí a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí dé ọwọ́ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tí ń bẹ ní Èkó, ó sì mú ogun náà le fún àwọn Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìbọn tuntun kò wúlò láìsí ọta rẹ̀, láti etíkun ni ọta àti ẹ̀tù sì ti ń wá. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, ojú wọn rí màbo. Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ àdúgbò ni ó ń rọ irin ọfà, awọ ẹran ilé sì ni a lè fi ṣe ọsán. Ìgbà tí a gbé ọrun sílẹ̀ tí a mú ìbọn, a jèrè agbára, ṣùgbọ́n a sọ òmìnira nù, nítorí pé a kọ́ bí a ti ń yìn ín, a kò kọ́ bí a ti ń ṣe ohun tí ó ń jẹ. Kí àwọn tí ń fi òmìnira yangàn má ṣe gbàgbé èyí: ẹni tí kò lè tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe, oníbàárà ẹlòmíràn ni títí láé.

Nítorí pé owó ọrun tuntun kì í ṣe kékeré, ọ̀pọ̀ ni yóò yíjú sí tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò rà á la ojú rẹ̀. Kí ó mú òwú, kí ó fi pa apá ọrun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí òwú bá ti há, ó ti sán níbẹ̀, kí ó má ṣe rà á. Kí ó wo okùn bóyá ó ti ń hu irun. Kí ó yí kẹ̀kẹ́ wò bóyá ó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì. Bí okùn wáyà onírin bá wà lára rẹ̀, kí ó wò ó ní àwòfín, nítorí pé Abidjan wà láàárín òkun àti ọ̀sà Ébrié, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó sì ní iyọ̀, ìpẹtà kì í sì í jìnnà sí irin níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá rà á tán, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì mọ́ inú oòrùn, nítorí pé ooru máa ń tú ohun tí a fi lẹ apá ọrun pọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ọrun kí ó sì tú u sílẹ̀ láìfi ọfà sí i. Agbára tí ó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò padà sára ọrun, ó sì lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ẹni tí ó dì í mú.

Ọfà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọrun fi lélẹ̀ ni pé fún ọrun pọ́ùn 60, kí ọfà má ṣe dín ní nǹkan bí gíráàmù 19 àti ààbọ̀. Ọfà tí ó bá ọrun àtijọ́ mu lè rọ̀ jù fún ọrun tuntun, kí ó sì ká tàbí kí ó ṣẹ́ nígbà tí a bá ta á. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣírò owó ọrun kí ó ṣírò owó ọfà mọ́ ọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní títa ọfà. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n yàn fún gbogbo ọmọ, èyí tí kò ní ìtura rárá. Nítorí pé kò ní ìtura, kò ní ibi kan pàtó tí ìfà rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí sí. Ọmọ kékeré àti ọmọ gíga lè fa ọ̀kan náà, agbára rẹ̀ kò sì ju pọ́ùn 20 lọ. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yìí. Wọ́n ní gbogbo ohun tuntun níkàáwọ́, síbẹ̀ èyí tí yóò kárí ọmọ púpọ̀ ni wọ́n mú, wọn kò mú èyí tí ó yára jù. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní owó ọrun ìgbàlódé kan ṣoṣo lè rí ọ̀pọ̀ ọrun kéékèèké rà dípò rẹ̀.

Nípa ti ìdíje ńkọ́? Láti ọdún 1995, ní Jakarta, ni ọrun oníkẹ̀kẹ́ ti wọ inú ìdíje àgbáyé. Mítà 50 ni a ti ń ta á. Àárín àmì tí ó ní máàkì 10 kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ ní ìbú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àjọ Òlíńpíìkì fọwọ́ sí i pé ọrun oníkẹ̀kẹ́ yóò wà ní eré Los Angeles ti ọdún 2028, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún un, èyí tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan yóò jọ bá wọlé. Eré ọfà márùn-ún tí ó kù, ti ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́ ni. Irú ọrun aláìnìkẹ̀kẹ́ yìí ni René Philippe Kouassi fi ṣojú Côte d'Ivoire ní Rio ní ọdún 2016. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wà lára Òlíńpíìkì, kí ó mọ ìlẹ̀kùn tí ó fẹ́ kàn kí ó tó pààrọ̀ ọrun. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré kékeré kò lè gbé orílẹ̀-èdè ga. Ní Rio yìí kan náà ni Cheick Cissé ti gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Côte d'Ivoire, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ni ó fi gbà á, taekwondo ni.

Kí wá ni ìmọ̀ràn wa? Kí àwọn ẹgbẹ́ tafàtafà má ṣe jẹ́ kí olúkúlùkù máa ra ọrun tirẹ̀ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀ kankan má sì sí. Kí wọ́n kó owó jọ bí a ti ń dá èésú, kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò kọ́ bí a ti ń hun ọsán, bí a ti ń fi ìda pa á, àti bí a ti ń to kẹ̀kẹ́ kí méjèèjì lè máa yí papọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ọrun tuntun máa wọlé. Kí àwọn olùkọ́ sì máa fi èdè wa pe ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ: èkù ni ibi tí ọwọ́ dì mú, apá ni ohun tí ń tẹ̀, ọsán ni okùn, ìtura ni ibi tí ẹrù ti ń fúyẹ́. Ọmọ tí ó mọ orúkọ ohun kan ní èdè ìyá rẹ̀ kì í pẹ́ mọ àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Abidjan, àwa kò sọ pé kí ẹ dì mọ́ ohun àtijọ́ nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá tó àkókò fún kí ó pààrọ̀ ọrun rẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn. Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ìmọ̀ ṣáájú owó, kí ọwọ́ tí yóò tún un ṣe sì ti wà nílé kí ọrun tó dé èbúté. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọsán lè já lónìí, a ó so òmíràn lọ́la. Ọrun wa kò sì níí di ọ̀pá.